Ọ̀nà Tóóró Tó Lọ sí Handa

Ìyá àgbà kan wà nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Inverness, lókè lọ́hùn-ún ní Skọ́tíláńdì. Etíkun ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ilẹ̀ ti ń já sínú òkun, ni wọ́n bí i sí. Èdè Gaelic ló fi dàgbà. Ilé ìwé ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, ó béèrè ìyá mi. Mo ní ó wà ní Abẹ́òkúta, pé ó ń bọ̀ wá wò mí lóṣù kẹfà. Ó béèrè bàbá mi. Mo ní bàbá ti lọ, ó pé ọdún mẹ́sàn-án. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Mú ìyá rẹ lọ sí Handa. Láyé àtijọ́, òun ni wọn ì bá fi jọba níbẹ̀."

Mo rò pé oorun ló ń gbé e sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo délé tí mo wádìí, mo rí i pé òótọ́ ni ìyá ń sọ. Erékùṣù kékeré ni Handa, létíkun Sutherland. Àwọn ẹyẹ òkun ló ni ín lónìí, ẹgbẹ́ Scottish Wildlife Trust ló sì ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n títí di nǹkan bíi 1847, ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Wọn kò pé 100. Láràárọ̀ ni àwọn ọkùnrin wọn máa ń péjọ láti fẹnu kò lórí iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ náà. Opó tó bá sì dàgbà jù láàárín wọn ni wọ́n ń pè ní ọbabìnrin.

Ọ̀rọ̀ opó yẹn ni mò ń gbé kiri nínú títí ìyá mi fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ọjọ́ Sátidé la gbéra. Mo ti se mọ́ínmọ́ín sínú kúlà, mo po tíì sínú fíláàsì. Ìyá mi wọ jákẹ́ẹ̀tì mi tó nípọn jù, ó fi ìborùn àdìrẹ rẹ̀ wé orí, ó gbé Bíbélì lé ẹsẹ̀. Láti Inverness dé Ullapool, ọ̀nà fẹ̀, ó dán, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ullapool fúnra rẹ̀ rẹwà, àwọn ilé funfun tó tò sí etí omi. Ìlú tí wọ́n dìídì tẹ̀ dó ní 1788 nítorí ẹja pípa ni. A ra epo, a lọ.

Lẹ́yìn Ullapool ni ilẹ̀ yí padà. Àwọn òkè ibẹ̀ kì í tò tẹ̀lé ara wọn bí òkè ibòmíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́, tí àyíká rẹ̀ ṣófo. Suilven, tó ga ní mítà 731, dà bí ẹni tó fi ẹ̀yìn kọ gbogbo ayé. Ìyá mi wò ó títí a fi yípo rẹ̀, ó ní, "Òkè yìí kò bá ẹnì kankan ṣe ẹgbẹ́."

Ní Lochinver, ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó yá gba àárín ilẹ̀. Ìkejì ni B869, tó ń fi etí òkun rìn gba Clachtoll, Stoer àti Drumbeg, fún ohun tó lé ní ogún máìlì. Fóònù mi ń sọ pé kí n gba èyí tó yá. Mo yà sí òsì.

Ọ̀nà yẹn kò ní ìlà funfun láàárín, nítorí kò ní àárín. Mọ́tò kan ṣoṣo ló gbà. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń ká bí okùn tí ọmọdé jù sílẹ̀. Níbi kan, wọ́n kọ 25% sí ara pátákó: bí o bá rin mítà mẹ́rin, o ti gun mítà kan. Nílùú yìí, apá òsì ni èrò iwájú máa ń jókòó, apá òsì náà sì ni òkun wà. Nítorí náà, ìyá mi ló wà létí bèbè. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Màámi, ẹ má bẹ̀rù."

"Ta ló ń bẹ̀rù? Mò ń bá ẹ wo ibi tí o máa gbà ni."

Bí wọ́n ṣe ń rin ọ̀nà náà ni pé wọ́n ti gé àyè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ibi kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pátákó funfun tó ń fi hàn pé ibi ìyàsí ni. Bí o bá rí mọ́tò tó ń bọ̀ lókèèrè, tí àyè náà sì wà lápá òsì rẹ, ìwọ ni kó o yà sí i. Bó bá wà lápá ọ̀tún, o máa dúró lójú ọ̀nà ní ọ̀kánkán rẹ̀, kí ẹnìkejì yà gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń sáré lẹ́yìn rẹ náà, o gbọ́dọ̀ yà fún un. Kò sí iná, kò sí ọlọ́pàá. Ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Mọ́tò àwọn tó ń pín lẹ́tà, èyí pupa, ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ó ti rí wa láti òkè, ó ti yà, ó ń dúró. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé ìka kan sókè lórí sítíà. Mo gbé tèmi.

"O mọ̀ ọ́n ni?"

"Rárá o, Màámi."

"Kí lẹ wá ń kí ara yín fún?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Ẹni tó bá yà fún ẹ, o máa kí i. Ẹni tí o bá yà fún, á kí ẹ."

Ó ronú sí i. "Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé," ó wí. Ó dákẹ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè. "Ní Láfẹ́ńwá, ẹni tó bá yà ti yà náà nìyẹn. Ibẹ̀ ló máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Nígbà tí a fi pàdé mọ́tò kẹta, ó ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n gbájú mọ́ ọkọ̀ wíwà, pé òun lòun máa kí wọn. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan kí ènìyàn. Gbogbo ọwọ́ ló fi ń kí, ọwọ́ méjèèjì nígbà mìíràn, ó sì ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ọ látinú gíláàsì: "Ẹ ṣé o. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ọ̀nà o." Mo rí ojú àwọn ènìyàn náà. Ọkùnrin kan tó gbé ajá sí iwájú, arábìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, àwọn ọmọ méjì tó ń gun kẹ̀kẹ́. Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì gbé gbogbo ọwọ́ tiwọn náà sókè.

Mo ti lo ọdún mẹ́fà ní Skọ́tíláńdì. Mo ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ síbi iṣẹ́, èmi àti àwọn ènìyàn kan náà, kò sì sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kan. Mi ò sọ pé wọ́n burú. Ọ̀nà ìlú ńlá fẹ̀, oníkálùkù lè kọjá láìsí pé ẹnì kan dúró dè é. Lórí B869, o kò lè dé ibi tí ò ń lọ bí àjèjì kan kò bá fún ọ láyè. Inú mi dùn pé ojú ọ̀nà yẹn ni ìyá mi ti kọ́kọ́ mọ àwọn ènìyàn tí mò ń gbé láàárín wọn, pé kì í ṣe inú bọ́ọ̀sì.

Ẹnì kan wà tí kò dúró. Láti 2015, wọ́n ti ń pè àwọn ọ̀nà etíkun àríwá yìí ní North Coast 500, wọ́n ń polówó rẹ̀ fáyé, èrò sì ń rọ́ wá pẹ̀lú mọ́tò gìrìwò tí ènìyàn ń sùn sí. Ọ̀kan nínú wọn pàdé wa lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣáájú Drumbeg. Ibi ìyàsí wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tèmi jìnnà. Ó kàn ń tan iná sí mi lójú ni. Mo fi rìfáàsì padà sẹ́yìn títí, òkúta lápá kan, òkun nísàlẹ̀ lápá kejì, títí òórùn kílọ́ọ̀ṣì fi gba inú mọ́tò. Ó kọjá, kò wẹ̀yìn. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè kí i bákan náà.

"Màámi, kò yẹ kẹ́ ẹ kí èyí."

"Èmi ni mo kí i. Kì í ṣe òun ló ni ọwọ́ mi."

Ṣáájú ìyẹn, ní Clachtoll, a ti dúró jẹun. Òkúta oníhò ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní Gaelic. Iyanrìn ibẹ̀ funfun bí ẹ̀lùbọ́ tí a kù. Omi rẹ̀ kò jọ omi òkun tí a mọ̀ ní Èkó. Ní etí, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ri sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré, níwájú, bí èyí tí wọ́n ri lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́hùn-ún pátápátá, ó dúdú. Èmi kọ́ ni mo rí ìyẹn. Ìyá mi ló na ìka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí aró ló jẹ, ó ti ta àdìrẹ ní Ìtòkú fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

A jẹ mọ́ínmọ́ín tán. Ó nu ọwọ́. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀.

"Ó dára o. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ibí dà?"

Mo mọ̀ pé ó máa bi mí, nítorí ohun tó ń wò ni mo ti kọ́kọ́ wò nígbà tí mo dé etíkun yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilé kan níhìn-ín, ìkejì lókèèrè réré. Láàárín wọn, ògiri òkúta tí kò ga ju orúnkún lọ, tí koríko ti bò. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí rèé. Ìyá mi wo ògiri kan báyìí, ó sì pe orúkọ rẹ̀: "Ahoro nìyí."

Mo ṣàlàyé fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, àwọn tó ni ilẹ̀ Sutherland rí i pé owó irun àgùntàn ń wọlé ju owó orí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń san lọ. Wọ́n lé àwọn ènìyàn kúrò ní àfonífojì tó lọ́ràá, wọ́n kó àgùntàn síbẹ̀. Ní Strathnaver, ní 1814 àti ní 1819, wọ́n dáná sun òrùlé kí wọ́n má baà lè padà. Àwọn tí kò wọkọ̀ lọ sí Kánádà, wọ́n tì wọ́n sí etí òkun, sórí òkúta, pé kí wọ́n máa pẹja.

"Àgùntàn?" ó wí.

"Àgùntàn, Màámi."

"Kì í ṣe ogun?"

"Kì í ṣe ogun."

Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ó mọ ohun tí ogun ń ṣe. Ìtòkú tí ó ti ń tajà, inú igbó Ẹ̀gbá ni Ìtòkú àkọ́kọ́ wà, kí ogun tó tú u, kí àwọn tó ṣẹ́ kù tó gbé orúkọ rẹ̀ lérí lọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Bẹ́ẹ̀ ni Kémta, bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹùn, bẹ́ẹ̀ ni Aké pàápàá. Ìlú tó tú ni ọ̀pọ̀ àdúgbò Abẹ́òkúta. Ìyẹn yé e. Ṣùgbọ́n pé olówó jókòó, ó ṣírò owó, ó sì fi ẹran rọ́pò ènìyàn, ó ń yí i lẹ́nu bí egungun ẹja.

Mo sọ apá kejì ìtàn náà fún un, torí orí ilẹ̀ tó kàn gan-an la jókòó sí. Ní 1992, ilẹ̀ yìí tún wà lọ́jà. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó ń dá oko lórí rẹ̀ kó ara wọn jọ, wọ́n ń tọrọ owó, wọ́n ń yá owó. Ní oṣù kejì 1993, ẹgbẹ́ wọn, Assynt Crofters' Trust, gba ilẹ̀ tó lé ní éékà 21,000 ní £300,000. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Skọ́tíláńdì, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀lé wọn.

Mo ń retí kó ní wọ́n gbìyànjú. Ó ń di ìdérí kúlà.

"Wọ́n fowó ra ilẹ̀ bàbá wọn," ó wí, ó sì dìde.

Mi ò dá a lóhùn, nítorí mo mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yẹn gbà wọlé. Nígbà tí bàbá mi kú, ọdún méjì gbáko ni ìyá mi fi san owó lọ́yà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó máa gbé inú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ fi owó aṣọ kọ́.

A dé afárá Kylesku nígbà tí oòrùn yẹ kó ti wọ̀, kò sì wọ̀. Omi tóóró ni orúkọ náà ń sọ. Títí di 1984 tí wọ́n kọ́ afárá yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá. Afárá náà kò gún. Ó rọra tẹ̀ bí ìgbín tó ń yí ọrùn, òkè sì yí i ká. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo afárá tí mo ti gbà lọ. Ní Scourie, níbi tí a sùn sí, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà tó láti ka Sáàmù, ìyá mi sì kà á lójú fèrèsé láìtan iná.

Ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ Handa kì í ṣiṣẹ́. Inú ìyá mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe rò lọ. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a bọ́ síta, ọjọ́ sì ṣì wà lódindi. Mo bá wà á lọ sí ìkọjá Laxford Bridge, níbi tí wọ́n ti gé òkè láti la ọ̀nà, tí inú òkúta wá hàn síta.

Ìdí tí mo fi gbé e lọ síbẹ̀ ni pé gbogbo agbègbè yìí jẹ́ páàkì òkúta, North West Highlands Geopark. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Skọ́tíláńdì, ní 2004, UNESCO sì mọ̀ ọ́n. Òkúta ibẹ̀ wà lára àwọn tó dàgbà jù ní gbogbo Yúróòpù. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ gbogbo èyí tán tí ìyá mi ti bọ́ sílẹ̀, tó lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà.

Àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ àwọ̀ eérú, pẹ̀lú ilà wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Ọ̀já dúdú kan tó nípọn ju ènìyàn lọ gba àárín rẹ̀ kọjá. Òmíràn tó pupa rẹ́súrẹ́sú sì gba orí àwọn méjèèjì, ó tú ká bí gbòǹgbò. Ó fi ìka tẹ̀ lé ilà eérú náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.

"Ta ló di èyí?"

Ó ní oníko ni, pé ibi tí okùn ti fún aṣọ mú ló máa ń ṣe ilà kọ́lọkọ̀lọ báyìí. Mo sọ fún un pé òun àti àwọn onímọ̀ òkúta ń sọ ohun kan náà. Òkúta eérú yẹn ti pé nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn níbi tí ooru àti ẹrù òkè fi fún un, tí wọ́n lọ́ ọ, tí ó fi gba ilà. Nígbà tó yá, ó sán, òkúta yíyọ́ dúdú sì kún ibi tó sán. Ó ti tó bílíọ̀nù méjì ọdún. Èyí pupa ló dé kẹ́yìn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n rẹ ẹ́ nígbà náà," ó wí. Ó yọ ìborùn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ara òkúta, ó wo àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ní kí n yà á ní fọ́tò. Kò fẹ́ kí n ya òun, aṣọ àti òkúta ló ní kí n yà. Àwòrán yẹn ló wà lójú fóònù rẹ̀ títí dòní, ó ń fi han àwọn oníbàárà.

Lówurọ̀ Mọ́ńdè, a gba ọ̀nà Tarbet. Ọ̀nà yẹn tóóró ju ti Sátidé lọ, ó ń gba àárín adágún kéékèèké tí òdòdó funfun léfòó lórí wọn, ó sì parí sí etí omi níbi tí ilé kò pé mẹ́wàá. Ọkọ̀ kékeré ni, èrò bíi méjìlá. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ la fi sọdá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ibẹ̀ pàdé wa lórí iyanrìn, ó ní ká má kúrò lójú ọ̀nà, torí ẹyẹ ń pamọ sínú koríko. Ó sọ nípa 2022, nígbà tí àrùn ẹyẹ pa ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bonxie lọ ní erékùṣù náà, tí wọn kò jẹ́ kí àlejò wọ̀ ọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, o máa mọ̀ pé ó ń dùn ún.

A kọjá ní ahoro abúlé náà. Ìyá mi kàn dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. Ó ní ká lọ rí àwọn ẹyẹ ná, pé òun máa padà.

Wọ́n tẹ́ pákó sójú ọ̀nà nítorí ẹrọ̀fọ̀. Ìyá mi pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọlọ́jà ni ẹsẹ̀ rẹ̀. A rọra ń gòkè. O kò ní mọ̀ pé òkè ń parí. Ilẹ̀ kàn ń ga díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà, kò sí ilẹ̀ mọ́. Ariwo ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn, bí ti ilé adìẹ àti ti ọjà ẹja lẹ́ẹ̀kan náà. Ní iwájú wa, òpó àpáta ńlá kan dá dúró nínú òkun, Great Stack. Òkúta Handa kò rí bí ti òdìkejì omi. Pupa ni, ó wà ní ìpele-ìpele bí ìwé tí wọ́n tò jọ. Lórí gbogbo ìpele, láti òkè dé ibi tí ìgbì ń kọlù, ẹyẹ ló tò síbẹ̀, aláyà funfun, ẹlẹ́yìn dúdú, wọ́n nàró ṣánṣán, èjìká kan èjìká. Àwọn ẹyẹ òkun tó ń wá pamọ sí erékùṣù náà lọ́dọọdún ń lọ sí bíi 100,000.

"Ìtòkú lọ́jọ́ ọjà," ni ìyá mi wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wò ó, ìsọ̀ ni wọ́n tò yẹn. Ìyẹn ti ń ti ẹnìkejì rẹ̀. Àyè ẹsẹ̀ kan ló ní, kò sì ní kúrò."

Mo sọ fún un pé ẹyin kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yé, orí òkúta lásán, wọn kì í kọ́ ìtẹ́. Ẹyin náà ṣe ṣónṣó lẹ́nu kan, àwọn kan sì ní torí kó má baà yí ṣubú ni. Ó jókòó sórí koríko, ó ń wo ẹyẹ kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́. Mi ò mọ èyí tó ń wò nínú wọn.

Nígbà tí a ń padà ló yà sí abúlé náà bó ṣe ṣèlérí. Ògiri òkúta ni, láìní òrùlé, ilé kúkurú-kúkurú tí ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí òdìkejì omi. Mo sọ èyí tí mo mọ̀. Pòtétò, ẹja àti ẹyẹ ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní àwọn ará òdìkejì máa ń gbé òkú wọn wá sin síbí kí ìkookò má baà hú u. Ní 1846, àrùn ba pòtétò jẹ́ ní gbogbo agbègbè náà, ìyàn dé, àwọn ará Handa sì kó ẹrù wọn, wọ́n sọdá Àtìláńtíìkì. Àgùntàn ló jogún ibẹ̀, kí ó tó di ti ẹyẹ. Mo ronú kan Ọ̀yọ́-Ilé, tí òun náà wà nínú páàkì ìjọba báyìí, tí ẹtu ń rìn níbi tí Aláàfin ti ń jókòó, tó sì tú ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú Handa. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó mi orí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà.

"Opó tó dàgbà jù," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ìyálóde la ní. Tinúubú jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n owó àti ọwọ́ ló fi jẹ ẹ́. Pé torí ọkọ ẹnì kan kú, torí ó sì ti pẹ́ láyé, kí wọ́n fi jọba?" Ó rí òkúta pẹlẹbẹ kan níbi tó yẹ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ó fi ìborùn gbá a, ó jókòó lé e. "Ìpàdé tí àwọn ọkùnrin ń ṣe láràárọ̀ yẹn, ṣé inú rẹ̀ ló máa ń wà?"

Kò dúró kí n fèsì.

"Nígbà tí ẹbí bàbá rẹ ṣèpàdé lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ṣé o mọ ibi tí mo wà?"

Mo ní mi ò mọ̀. Mi ò sí nílé nígbà náà.

"Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Èmi ni mo se oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Mo gbé abọ́ ẹran dání, mo fẹ́ gbé e wọlé, mo wá gbọ́ tí wọ́n pe yàrá mi, tí wọ́n ní ti ẹni báyìí ni. Mo dúró níbẹ̀. Mi ò lè wọlé, mi ò lè padà. Títí apá fi ń ro mí. Abọ́ yẹn wúwo, Àbẹ̀kẹ́."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko lórí ògiri. Ẹyẹ kan ń ké lókè orí wa, ó kọjá.

"Bí wọ́n bá ní àwọn fi mí jọba, mi ò bá ní mi ò ṣe. Kí wọ́n ṣáà sọ pé, Ìyáwó, gbé abọ́ sílẹ̀, wá jókòó. Ìyẹn ni mo ń retí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀ sórí koríko níwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù. Àwọ̀ aró ṣì wà ní ìdí èékánná rẹ̀, bó ṣe wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. A wà bẹ́ẹ̀ títí ọ̀dọ́mọbìnrin náà fi ń juwọ́ sí wa láti ìsàlẹ̀ pé ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Ó dìde. Ó tún fi ìborùn nu òkúta náà, òkè àti ẹ̀gbẹ́, bí a ṣe ń nu ìjókòó aládùúgbò kí a tó dá a padà. A sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èrò ti wọlé, àwa nìkan ni wọ́n ń dúró dè, kò sì sí ẹni tó fajú ro. Ìyá mi jókòó síwájú, ó yíjú sí ọkùnrin tó ń wakọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ ṣé o. Ẹ kú ìdúró."

Ọkùnrin náà gbé ìka kan sókè lórí sítíà, ó sì tọ ọkọ̀ sí Tarbet.